Aṣọ Funfun Kọ́: Ohun Tí Kámẹ́rà Ń Rí Lóru

Ẹ̀kọ́ Físíìsì ni mo fẹ́ kọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Nínú àtẹ̀jáde wa tó ṣáájú èyí, èmi ni mo kọ ìròyìn bátìrì sólà tí wọ́n jí nídìí bọ̀hóòlù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kámẹ́rà rí ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun níbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nínú ọgbà yìí, ta ni kò mọ ẹni tó máa ń wọ bùbá funfun ṣọ́ wa lálaalẹ́? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ẹnì kan", ó ti di "Bàbá Ọdẹ". Àwọn aláṣẹ ní kí Bàbá lọ jókòó sílé ná títí ìwádìí yóò fi parí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàbá fi wà nílé.

Mo fi ojú ara mi rí àwòrán náà kí n tó kọ ìròyìn. Aṣọ tó wà lọ́rùn ẹni náà funfun báláú. Mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ báyìí pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ náà "funfun", torí pé kámẹ́rà ọgbà wa kì í mọ àwọ̀ lóru. Bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tòní. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, kò le.

ÌMỌ́LẸ̀ TÍ OJÚ WA KÒ RÍ

Ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn bí ìgbì. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ní ìgùn tirẹ̀, nánómítà la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Ojú èèyàn ń rí ìgbì tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà, tí a ń rí bí àwọ̀ àlùkò, títí dé nǹkan bí 700, tí a ń rí bí pupa. Èyí tó bá gùn ju ìyẹn lọ, ojú wa ò rí i, ṣùgbọ́n ó wà.

William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi èyí hàn lọ́dún 1800. Ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá, ìtànṣán náà sì pín sí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó wá ń gbé tẹmómítà sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó gbóná jù. Nígbà tó gbé tẹmómítà kọjá pupa, síbi tí ojú ò ti rí ohunkóhun, níbẹ̀ gan-an ló ti gòkè jù. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa yìí ni à ń pè ní infrared.

Oríṣi infrared méjì ló kàn wá nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má pa wọ́n pọ̀ o. Ọ̀kan wà nítòsí pupa, láti 700 dé nǹkan bí 1,000 nánómítà. Mo máa pe ìyẹn ní infrared ìtòsí. Ìkejì jìnnà, láti nǹkan bí 8,000 dé 14,000 nánómítà. Ara èèyàn, ara ewúrẹ́, irin tó gbóná, gbogbo wọn ló ń tú u jáde fúnra wọn. Mo máa pe ìyẹn ní infrared ooru. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí a bá ti ní "infrared", ooru ni kámẹ́rà ń rí. Kámẹ́rà ọgbà wa kò rí ooru rárá. Infrared ìtòsí ló ń lò.

Ẹ lè dá a dán wò nílé nígbà ìsinmi, torí fóònù ò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà yìí. Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí ẹ wo gílóòbù kékeré tó wà ní orí rẹ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ wá fi kámẹ́rà fóònù wò ó. Ẹ ó rí i tó ń tàn ṣẹ́júṣẹ́jú, bí ẹni fi àwọ̀ àlùkò pọ̀ mọ́ funfun. Tí kámẹ́rà ẹ̀yìn ò bá fi hàn yín, ẹ lo ti iwájú. Kámẹ́rà rí ohun tí ojú yín ò rí.

ABỌ́ NÍNÚ ÒJÒ

Báwo ni kámẹ́rà ṣe ń ríran? Nínú rẹ̀, lẹ́yìn dígí iwájú, ègé pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe. Òun ni sẹ́ńsọ̀. Ojú sẹ́ńsọ̀ yìí pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ̀lì. Ti kámẹ́rà ọgbà wa lé ní mílíọ̀nù méjì: 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sínú píksẹ̀lì, ó máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú sílíkọ́ọ̀nù náà. Kámẹ́rà á ka iye tó tú jáde. Ibi tó bá pọ̀, á yà á ní funfun. Ibi tí kò bá sí, á yà á ní dúdú.

Ẹ̀yin SS 3, ẹ rántí ohun tí Albert Einstein ṣàlàyé lọ́dún 1905, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921 lé lórí: ìmọ́lẹ̀ ń wá ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹ̀kán òjò. Àfiwé òjò yìí ni ẹ jẹ́ ká dì mú.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a to ẹgbẹ̀rún abọ́ sórí pápá bọ́ọ̀lù wa, gbogbo wọn dọ́gba. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ohun tó bọ́ sínú abọ́ yìí àti ohun tó bọ́ sínú tọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òjò kàn ṣẹ́ díẹ̀ tó dá, abọ́ kan lè gba ẹ̀kán méjì, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba mẹ́fà. Òjò kan náà ni o. Wọn ò ṣe ojúsàájú. Bí ẹ̀kán ṣe ń bọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin oníṣirò, òfin kan wà níbẹ̀: ìyàtọ̀ náà máa ń tó square root iye ẹ̀kán. Tó bá jẹ́ 10,000 ẹ̀kán ló yẹ kó bọ́ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ á tó 100, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ló máa rí ìyẹn? Tó bá jẹ́ 100 ẹ̀kán, ìyàtọ̀ á tó 10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀kán mẹ́rin péré, ìyàtọ̀ á tó méjì, ìyẹn ìdajì. Ìdí nìyí tí àwòrán alẹ́ fi máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n da gààrí sójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe gààrí yìí ní ariwo, bí ariwo tó ń ṣe ṣìì nínú rédíò tí kò mú ibùdó dáadáa.

Òjò ìmọ́lẹ̀ mà ń dínkù lóru o! Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ilẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan tó nǹkan bí 100,000 lux. Kíláàsì tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà nínú rẹ̀ dáadáa tó nǹkan bí 300. Òṣùpá àrànmọ́jú, pẹ̀lú gbogbo bí a ṣe ń yìn ín tó, kò ju nǹkan bí 0.2 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fi nǹkan bí ìlọ́po 500,000 ju ti òṣùpá lọ.

Ojú àwa náà ń jìyà rẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà lẹ́yìn ẹyinjú wa. Àwọn tó mọ àwọ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókùnkùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 120, ṣùgbọ́n wọn ò mọ àwọ̀. Ó sì tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú tó mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn tán. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Kò mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aṣọ aláró náà.

Ọgbọ́n wo ni kámẹ́rà lè dá sí i? Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, kí abọ́ fẹ̀, ìyẹn kí dígí iwájú àti píksẹ̀lì tóbi. Ìdí tí kámẹ́rà ńlá fi máa ń dára ju ti fóònù lọ lálẹ́ nìyẹn. Èkejì, kí abọ́ pẹ́ nínú òjò, ìyẹn kí kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ pẹ́. Ó dára fún ilé àti igi, ṣùgbọ́n olè kì í dúró fún fọ́tò. Ẹni tó bá ń rìn á ta sílẹ̀ bí èéfín. Ẹ̀kẹta, kí kámẹ́rà sọ iye tó kà di púpọ̀. Ìyẹn ò mú ẹ̀kán kan wọlé sí i. Ó dà bí ẹni tó gbé ohùn rédíò tí kò mú ibùdó sókè: ọ̀rọ̀ á ròkè, ariwo náà á ròkè.

TA LÓ MỌ ÀWỌ̀?

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ àwọ̀ rárá. Ẹ̀kán ló ń kà, kò mọ̀ bóyá ẹ̀kán pupa ni tàbí ti búlúù. Láti jẹ́ kó mọ̀, wọ́n máa ń da asẹ́ àwọ̀ bo àwọn píksẹ̀lì. Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ló gbé ètò tó gbajúmọ̀ jù kalẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1976. Nínú píksẹ̀lì mẹ́rin, asẹ́ àwọ̀ ewé bo méjì, asẹ́ pupa bo ọ̀kan, asẹ́ búlúù bo ọ̀kan. Kámẹ́rà á wá fi iye tí asẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kó kọjá ṣírò àwọ̀.

Ẹ rántí pé asẹ́ máa ń dá nǹkan padà. Asẹ́ pupa ń dá àwọ̀ ewé àti búlúù padà. Lọ́sàn-án, kò sóhun tó burú níbẹ̀, òjò pọ̀. Lóru, ó dùn ún.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Sílíkọ́ọ̀nù lè rí ìmọ́lẹ̀ títí dé nǹkan bí 1,100 nánómítà, ìyẹn ni pé ó ń rí infrared ìtòsí. Tí wọ́n bá jẹ́ kó wọlé lọ́sàn-án, àwọ̀ gbogbo á dàrú. Nítorí náà, wọ́n fi asẹ́ kan tó ń dènà infrared síwájú sẹ́ńsọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mọ́tò kékeré kan á fa asẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá dúró nítòsí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wa ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ẹ ó gbọ́ "kẹ́". Asẹ́ ló ṣí yẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn gílóòbù LED tó yí dígí rẹ̀ ká á tan infrared síta, bí ẹni fi tọ́ọ̀ṣì tí ojú kò rí.

LED wọ̀nyí pé oríṣi méjì. Ti 850 nánómítà máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni ẹ̀yin JSS 1 ń pè ní ojú iwin. Ti 940 kò hàn sí ojú rárá, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù. Ṣùgbọ́n sílíkọ́ọ̀nù kì í mú 940 tó 850, nítorí náà kì í ríran jìnnà tó o. Èyíkéyìí tí wọn ì báà lò, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jìnnà ló ń fẹ́lẹ́. Ohun tó bá wà ní mítà mẹ́wàá máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó máa gbà ní mítà márùn-ún. Ní ogún mítà, ó di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Tí eruku ọyẹ́ tàbí òjò bá wà láàárín, tàbí tí aláǹtakùn bá ta okùn rẹ̀ sójú dígí, ìyẹn á dá infrared padà sójú kámẹ́rà, àwòrán á sì funfun bí kùrukùru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá Ọdẹ wà rèé. Ìmọ́lẹ̀ oríṣi kan ṣoṣo ni LED náà ń tan. Asẹ́ pupa, asẹ́ àwọ̀ ewé, asẹ́ búlúù, gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí infrared yìí kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kámẹ́rà kò wá ní ohun tó máa fi ṣírò àwọ̀ mọ́. Dúdú àti funfun ló kù. Funfun inú àwòrán òru kò túmọ̀ sí "aṣọ yìí funfun". Ohun tó túmọ̀ sí ni "nǹkan yìí dá infrared púpọ̀ padà". Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ A DÁN WÒ

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ tíṣà Físíìsì wa lọ. Wọ́n ní kí n má kàn gbà á gbọ́ torí pé ó wà nínú ìwé, ká lọ wò ó. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ púrínsípà, a sì jáde lọ sídìí bọ̀hóòlù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn prep, àwa mẹ́fà. A kó aṣọ lọ́wọ́. A dúró ní mítà márùn-ún sí kámẹ́rà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì wà nínú ọ́fíìsì tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tí a rí rèé:

1. Ẹ̀wù funfun: ó funfun, bí a ṣe retí.
2. Súwẹ́tà dúdú ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tí gbogbo wa ní: ó funfun! Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀wù funfun yẹn.
3. Àdìrẹ màmá mi, tí wọ́n fi ẹlú pa láró: ó funfun, gbogbo ọnà ara rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ ò ní mọ̀ pé àdìrẹ ni.
4. Fìlà dúdú ọ̀rẹ́ mi kan: ó dúdú síbẹ̀.
5. Pálí tí a fi èédú kùn: ó dúdú kirikiri.
6. Ojú èmi tí mo dúdú àti ojú ọ̀rẹ́ mi tó pupa: méjèèjì rí bákan náà, wọ́n funfun bí ẹni lẹ́fun.
7. Ewé máńgòrò tó wà lẹ́yìn wa: ó funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i.

Kí ló fa èyí? Ọ̀pọ̀ aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ ló máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí mì, ìdí tí a fi ń rí aṣọ náà ní dúdú nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé infrared ìtòsí mì. Infrared á gba ara aró kọjá, á bá òwú, òwú á sì dá a padà. Ẹlú jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aró ilé iṣẹ́ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èédú yàtọ̀: kábọ́ọ̀nù ni, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Aró tó wà lára fìlà yẹn náà á yàtọ̀ sí ti súwẹ́tà. Ẹ ò rí i pé dúdú méjì tí ojú wa ń rí bákan náà lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru lójú kámẹ́rà.

Ohun tó ń mú ara wa dúdú, tí à ń pè ní mẹ́lánììnì, kì í gbé infrared ìtòsí mì tó bó ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán mì. Ní ti ewé, ohun tó ń mú un ní àwọ̀ ewé máa ń gbé pupa àti búlúù mì, ṣùgbọ́n inú ewé tútù máa ń ta infrared padà gan-an. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò fún NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè wa tó gòkè lọ́dún 2003. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kámẹ́rà rẹ̀ máa ń rí àwọ̀ ewé, pupa àti infrared ìtòsí, kí wọ́n lè mọ ibi tí ewéko ti ń ṣe dáadáa àti ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, tíṣà gbé àwòrán ọjọ́ tí wọ́n jí bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán mi nínú súwẹ́tà dúdú. Wọn ò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Funfun kan náà ni.

Ẹnì kan wá pariwo pé, "Ọmọ iléèwé ni nígbà yẹn!" Tíṣà ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀." Òótọ́ ni. Súwẹ́tà dúdú lè funfun, bùbá funfun lè funfun, àdìrẹ lè funfun. Àwòrán náà kò tọ́ka sí Bàbá, kò sì tọ́ka sí akẹ́kọ̀ọ́. Kò kàn sọ ohunkóhun nípa àwọ̀ aṣọ ni.

KÁMẸ́RÀ TÓ Ń RÍ OORU ŃKỌ́?

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí a ò lo èyí tó ń rí ooru. Ìyẹn náà wà. Ẹ rántí nǹkan bí ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà COVID-19. Infrared ooru tí ara wa ń tú jáde ló ń wọ̀n. Awọ ara èèyàn ń tú u jáde jù ní nǹkan bí 9,500 nánómítà. Ẹ̀kán rẹ̀ kò lágbára tó láti tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú sílíkọ́ọ̀nù, nítorí náà oríṣi sẹ́ńsọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń gbóná díẹ̀ bí infrared bá bà á, ìgbóná yìí á sì yí bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá padà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò nílò iná kankan, ìbáà ṣókùnkùn biribiri. Ó tún ní àléébù tirẹ̀. Píksẹ̀lì rẹ̀ kéré níye: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju 320 lọ́nà 240 lọ, ìyẹn 76,800, nígbà tí tiwa lé ní mílíọ̀nù méjì. Dígí lásán kì í jẹ́ kí infrared ooru kọjá, nítorí náà germanium ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú rẹ̀, ó sì wọ́n. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn dígí fèrèsé, kò ní rí i. Tí ògiri àti ilẹ̀ bá gbóná bí ara èèyàn, bó ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ògiri lójú rẹ̀. Ó máa sọ pé èèyàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó sọ ẹni tó jẹ́. Nítorí náà, níbi tí owó bá wà, wọ́n máa ń lo méjèèjì pọ̀: ọ̀kan á sọ pé "èèyàn rèé", èkejì á fi ojú rẹ̀ hàn.

KÍ LÓ YẸ KÁ GBÀ GBỌ́?

Mi ò ní kí a má gba kámẹ́rà gbọ́ o. Kámẹ́rà kò parọ́ fún wa. Àwa la fi èdè ọ̀sán túmọ̀ ohun tó fi èdè òru sọ. Àwòrán òru lè sọ àsìkò fún wa, tí aago rẹ̀ bá pé. Ó lè sọ iye èèyàn. Ó lè sọ bí ẹni náà ṣe ga tó, tí a bá fi ohun tí a mọ gíga rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó lè fi ìrìn rẹ̀ hàn. Kò lè sọ àwọ̀ aṣọ, kò sì lè sọ bóyá ẹni náà pupa tàbí ó dúdú. Tí a bá fẹ́ mọ àwọ̀, iná funfun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà ti bá púrínsípà sọ̀rọ̀ nípa èyí, wọ́n sì ti fi gílóòbù kan tó ń fúnra rẹ̀ tàn síbẹ̀.

Bàbá Ọdẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé tó kọjá. A ò tíì mọ ẹni tó gbé bátìrì. Mo lọ bá Bàbá nídìí géètì, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ṣé o ti kọ èyí náà sára ògiri?" Mo ní mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, sà.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. ÀTÚNṢE: nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, níbi tí mo ti kọ "ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun", ẹ bá mi kà á sí "ẹnì kan tí a kò mọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀". Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà dé ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí náà dé ilé.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín infrared ìtòsí àti infrared ooru? Èwo ni kámẹ́rà ọgbà wa ń lò?
2. Bí 400 ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ bá yẹ kó bọ́ sínú píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, báwo ni ìyàtọ̀ láàárín wọn ṣe máa pọ̀ tó? Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni?
3. Kí ló dé tí àdìrẹ ẹlú fi funfun lójú kámẹ́rà, tí pálí tí a fi èédú kùn sì dúdú?
4. Ẹnì kan ní kámẹ́rà òru fi hàn pé ọkọ̀ funfun kan ló kọlu géètì. Ìbéèrè wo lẹ máa bi í kí ẹ tó gbà á gbọ́?

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Èyí tó bá péye jù máa wà lára ògiri yìí nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ó dìgbà náà o.